Gáàsì tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ wọlé: ìbéèrè àti ìdáhùn nípa radon

Ẹni tó bá ti ra ilé rí ní Maryland, ní Pennsylvania tàbí ní àyíká Atlanta á rántí pé láàárín ìwé rẹpẹtẹ tí wọ́n kó síwájú òun, ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò gbọ́ rí nílé: radon. Àwọn kan á fọwọ́ sí i, wọ́n á kọjá. Àwọn míì á ní òyìnbó tún ti rí ọ̀nà tuntun tí wọn yóò fi gbowó lọ́wọ́ èèyàn. Ohun tí àwọn ará wa máa ń béèrè jù lórí ọ̀rọ̀ náà nìyí.

Kí ni radon gan-an, kí ló sì ń ṣe fún èèyàn?

Gáàsì ni. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, kò sì ṣeé tọ́ wò lẹ́nu. Inú erùpẹ̀ àti àpáta tí uranium wà nínú rẹ̀ ló ti ń wá. Uranium ò sì ṣọ̀wọ́n o, ó wà káàkiri inú ilẹ̀ ní ìwọ̀n kékeré, àmọ́ ó pọ̀ nínú àwọn àpáta kan ju òmíì lọ. Díẹ̀díẹ̀ ló ń yí padà di radium, radium náà á sì di radon. Ìgbà tó bá di gáàsì yìí ló tó lè rìn, nítorí pé òkúta ò lè kúrò lójú kan, gáàsì lè gba inú erùpẹ̀ yọ sókè.

Bó bá yọ síta gbangba, afẹ́fẹ́ á tú u ká, kò sí wàhálà. Bó bá yọ sínú ilé tí wọ́n tì pa, á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ìdajì rẹ̀ á ti yí padà di àwọn nǹkan míì, tí polonium wà lára wọn. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe gáàsì mọ́. Wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ eruku, a ó mí wọn sínú, wọ́n á sì dúró sí ẹ̀dọ̀fóró, níbi tí ìtànṣán wọn ti ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Kò ní mú èèyàn wúkọ́, kò ní fa orí fífọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, ohun tó sì lè yọrí sí ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró.

EPA, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó àyíká, fojú bù ú pé nǹkan bí 21,000 èèyàn ni jẹjẹrẹ tí radon fà ń pa lọ́dún lórílẹ̀-èdè náà, tí nǹkan bí 2,900 nínú wọn ò sì mu sìgá rí láyé wọn. Sìgá nìkan ló ṣáájú rẹ̀ nínú ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó wá ń mu sìgá nínú ilé tí radon pọ̀ sí, ewu tirẹ̀ ga ju ti àwọn yòókù lọ fíìfíì.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ó ń wọ inú ilé?

Tipẹ́tipẹ́ ni wọ́n ti mọ̀ pé ó ń pa àwọn tó ń wa kùsà. Ti inú ilé ló pẹ́ kí wọ́n tó kà á sí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1984, ẹ́ńjíníà kan tó ń jẹ́ Stanley Watras ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì ti Limerick ní Pennsylvania. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó máa ń ké bí ìtànṣán bá wà lára òṣìṣẹ́. Ẹ̀rọ náà ń ké mọ́ Watras. Wọ́n wá ohun tó fọwọ́ kàn níbi iṣẹ́ títí, wọn ò rí i, àfìgbà tí wọ́n rí i pé bó ṣe ń wọlé bọ̀ láti ilé pàápàá, ẹ̀rọ á ké. Ilé rẹ̀ ni wọ́n lọ wọ̀n. Nǹkan bí 2,700 picocurie, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka ìtànṣán, ni wọ́n bá nínú lítà afẹ́fẹ́ kan. Ìwọ̀n tí ìjọba wá fi lélẹ̀ lẹ́yìn náà pé kí èèyàn tún ilé ṣe ni 4.

Ilé tuntun ni tèmi, kò sán níbì kankan. Ibo ló fẹ́ gbà wọlé?

Ilé fúnra rẹ̀ ló ń fà á wọlé. Nígbà òtútù, ẹ ti tan hítà, afẹ́fẹ́ gbígbóná gba òkè lọ, ó ń gba àjà àti òrùlé jáde. Ohun tó jáde lókè gbọ́dọ̀ ní arọ́pò nísàlẹ̀, ilé á sì máa fa afẹ́fẹ́ láti inú ilẹ̀. Á gba ẹsẹ̀ ògiri níbi tí kọnkéré ilẹ̀ ti pàdé rẹ̀, á gba etí páìpù omi, á gba ihò tí wọ́n gbẹ́ sí bésímẹ̀ǹtì, ìyẹn yàrá abẹ́ ilé, kí omi lè máa dà sí, á gba inú búlọ́ọ̀kù tó ní ihò nínú. Ihò tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ tó fún un. Ilé tuntun tí wọ́n dí dáadáa kí ooru má bàa jáde tilẹ̀ lè dá a dúró sínú ju ilé àtijọ́ lọ.

Aládùúgbò mi wọn tirẹ̀, ó ní 1.2 ni. Ṣé ọkàn mi lè balẹ̀?

Rárá o. Ilé méjì tó fara kanra lè yàtọ̀ síra pátápátá, torí pé ilẹ̀ abẹ́ wọn àti bí wọ́n ṣe fi ìpìlẹ̀ wọn lélẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. EPA ní máàpù kan tó pín Amẹ́ríkà sí ọ̀nà mẹ́ta, gbogbo ìpínlẹ̀ Iowa ló wà nínú ìpín àkọ́kọ́ tí radon ti pọ̀ jù, DeKalb, Fulton, Cobb àti Gwinnett ní Georgia náà wà níbẹ̀. Àmọ́ EPA fúnra wọn sọ pé kí a má fi máàpù ṣe ẹ̀rí, kí oníkálukú wọn ilé tirẹ̀.

Báwo la ṣe ń wọ̀n ọ́n?

Agolo kékeré kan tí èédú wà nínú rẹ̀ ló wọ́pọ̀ jù. Wọ́n ń tà á níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ilé, ìpínlẹ̀ míì sì ń fún àwọn ará ìlú lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní ẹ̀dínwó. Ẹ ó gbé e sí ibi tó wà nísàlẹ̀ jù lọ nínú ilé tí èèyàn ń lò, kó ga tó ẹsẹ̀ bàtà méjì sílẹ̀, kó jìnnà sí fèrèsé àti ibi tí hítà ti ń fẹ́. Kì í ṣe ilé ìdáná, kì í ṣe balùwẹ̀. Ẹ ti gbogbo fèrèsé pa fún wákàtí 12 ṣáájú, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n wà ní títì títí iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára agolo náà yóò fi pé. Ẹ lè máa wọlé, kí ẹ máa jáde bí ẹ ti ń ṣe.

Ibí yìí ni àwa máa ń bà á jẹ́. A gbé agolo kalẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta a ń din ata ọbẹ̀ ìnáwó, gbogbo fèrèsé ti ṣí gbayawu, fáànù ilé ìdáná ń pariwo, ìwọ̀n tó bá jáde níbẹ̀ kì í ṣe ti ilé yẹn mọ́. Ẹ yan ọ̀sẹ̀ tí kò sí àlejò. Ìgbà tí ọjọ́ bá sì pé, ẹ fi ránṣẹ́ kíá. Radon tó wà nínú èédú náà ń parẹ́ lọ, bó bá pẹ́ jù lójú ọ̀nà, kò ní ṣeé kà mọ́.

Èyí tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ fún oṣù mẹ́ta sókè ló dára jù bí kò bá sí ìkánjú, torí pé radon ń lọ sókè sódò láti ọjọ́ dé ọjọ́.

Nọ́ńbà wo ló yẹ kó bà mí lẹ́rù?

Ní Amẹ́ríkà, bó bá ti di 4, ẹ tún ilé ṣe. Bó bá wà láàárín 2 sí 4, EPA ní kí èèyàn rò ó wò. Afẹ́fẹ́ ìta gbangba máa ń wà ní nǹkan bí 0.4, ti inú ilé sì máa ń wà ní nǹkan bí 1.3 ní ìpíndọ́gba. Kò sí bí èèyàn ṣe fẹ́ sọ ọ́ di òdo. Lójú tèmi, ẹni tó rí 3.5 tó sì ní ọmọ tó ń sùn nísàlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jókòó máa dúpẹ́ pé kò tíì pé 4. Ewu náà ò ní ilẹ̀kùn tó ń tì sí 3.9. Àjọ Ìlera Àgbáyé tilẹ̀ dábàá 100 becquerel (ìwọ̀n ìtànṣán míì) nínú mítà kúbíìkì afẹ́fẹ́ kan, tí í ṣe nǹkan bí 2.7 nínú ìwọ̀n tí Amẹ́ríkà ń lò.

Ṣé kí n kàn máa ṣí fèrèsé?

Yóò lọ sílẹ̀ bí ẹ bá ṣí i. Bí ẹ bá tì í, láàárín wákàtí mélòó kan yóò ti padà síbi tó wà. Ta ló fẹ́ ṣí fèrèsé bésímẹ̀ǹtì sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ní Minnesota? Bí ẹni ń fi agbọ̀n gbọ́n omi ni.

Bí mo bá fi símẹ́ńtì dí gbogbo ibi tó sán ńkọ́?

Ó dára gẹ́gẹ́ bí àfikún, kò tó gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́. EPA ò fọwọ́ sí i pé kí èèyàn dí ihò nìkan kó sì gbà pé ó tán. Ilé ń rọ̀ sílẹ̀, kọnkéré ń sán síbòmíì, kò sì sẹ́ni tó lè rí gbogbo ojú ọ̀nà náà. Kọngílá tó bá wá kun ilẹ̀ yín lọ́dà, tó ní òun ti lé radon lọ, ẹ má tíì fún un lówó.

Kí ló wá ń ṣiṣẹ́ ní tòótọ́?

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹ má dúró dìgbà tó bá wọlé kí ẹ tó máa lé e, abẹ́ kọnkéré ni kí wọ́n ti fà á jáde.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Wọ́n á lu ihò kan sí kọnkéré ilẹ̀ bésímẹ̀ǹtì, ní ìgún kan tí kò dí yín lọ́wọ́. Wọ́n á ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n á kó erùpẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ jáde títí abẹ́ ibẹ̀ yóò fi ní àyè. Wọ́n á ki páìpù oníke funfun bọ̀ ọ́, wọ́n á dí etí rẹ̀ pa, wọ́n á sì fà á gba inú ilé tàbí ẹ̀yìn ògiri dé òkè òrùlé. Fáànù kan tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru á wà lára páìpù náà. Fáànù yìí ló ń fa afẹ́fẹ́ abẹ́ ilẹ̀, tí agbára fífà tó wà lábẹ́ kọnkéré á fi ju ti inú ilé lọ. Radon ò ní rí ìdí tí yóò fi gba inú ilé mọ́, á bá páìpù lọ sókè, afẹ́fẹ́ á tú u ká.

Ẹ wo ibi tí wọ́n gbé fáànù náà sí dáadáa. Inú àjà tàbí ìta ló gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe inú bésímẹ̀ǹtì. Apá páìpù tó wà lókè fáànù ń ti gáàsì jáde ni. Bó bá jò nínú ilé, ẹ ti fowó yín ra fáànù tó ń fẹ́ radon sí yín lára nìyẹn. Ẹnu páìpù náà gbọ́dọ̀ ga ju òrùlé lọ, kó sì jìnnà sí fèrèsé.

Ilé tí kò ní bésímẹ̀ǹtì, tó jẹ́ pé àlàfo erùpẹ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀rá nínípọn ni wọ́n máa ń tẹ́ bo erùpẹ̀ náà, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yíká, páìpù á sì máa fa afẹ́fẹ́ lábẹ́ ọ̀rá.

EPA sọ pé àwọn ẹ̀rọ kan lè dín in kù tó 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Owó rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín dọ́là 800 sí 2,500, ó kù sọ́wọ́ bí ilé bá ṣe rí. Ẹ rí i pé ẹni tó ń ṣe é ní ìwé ẹ̀rí fún iṣẹ́ radon, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹni tó mọ páìpù tò ló mọ ọ̀nà tí fáànù kò fi ní fa èéfín hítà padà sínú ilé.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́?

Wọ́n máa ń so rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ara páìpù, ó tẹ̀ bíi lẹ́tà U, omi aláwọ̀ pupa tàbí búlúù wà nínú rẹ̀. Bí omi apá kan bá ga ju ti ìkejì lọ, fáànù ń fà. Bí méjèèjì bá dọ́gba, fáànù ti kú tàbí iná ò dé ibẹ̀. Èèyàn púpọ̀ rò pé bí méjèèjì bá dọ́gba ló dáa, òdì kejì ni. Ẹ máa yọjú wò ó nígbà tí ẹ bá lọ fọ aṣọ nísàlẹ̀.

Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tí wọ́n bá parí rẹ̀, ẹ tún ilé wọ̀n, ó dáa kó má jẹ́ kọngílá náà ni yóò wọ̀n iṣẹ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọdún méjì méjì.

Mo fẹ́ ra ilé. Ta ló máa san án?

Ìdúnàádúrà ni. Bí ìwọ̀n bá jáde ní 7, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi ẹ̀rọ síbẹ̀ tàbí kó yọ owó rẹ̀ kúrò. Ní Montgomery County ní Maryland, láti ọdún 2016 ni òfin ti ní kí wọ́n wọ̀n ilé adágbé kí títà rẹ̀ tó parí. Ẹ má torí radon sá fún ilé tó wù yín, nínú gbogbo àìsàn tí ilé lè ní, ìpìlẹ̀ tó sán tàbí òrùlé tó jẹrà ló burú ju èyí lọ.

Omi kànga ló ń bẹ nílé wa.

Radon lè bá omi inú ilẹ̀ wá, pàápàá nígbà tí a bá ń wẹ̀. Bí ti afẹ́fẹ́ bá ga, ẹ wọ̀n omi náà. Ẹ̀rọ wà tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi kí gáàsì náà lè jáde kó tó wọlé. Omi ìjọba tó wá láti odò kì í sábà ní wàhálà yìí.

Àwa tó wà ní ìlú ọba ńkọ́?

London ò fi bẹ́ẹ̀ ní i. Cornwall àti Devon ló ti pọ̀ jù, nítorí àpáta granite, Northamptonshire náà sì ní tirẹ̀. Ìwọ̀n 200 becquerel ni ìjọba ibẹ̀ ní kí èèyàn ṣàtúnṣe sí, kí ó sì gbìyànjú kó wá sísàlẹ̀ 100. UKHSA, ilé iṣẹ́ ìjọba ibẹ̀ tó ń mójú tó ààbò ìlera, ń fi ẹ̀rọ ìwọ̀n méjì ránṣẹ́, ọ̀kan fún pálọ̀, ọ̀kan fún yàrá, oṣù mẹ́ta ni wọ́n sì ń lò. Yàtọ̀ sí ọ̀nà páìpù abẹ́ ilẹ̀, wọ́n tún máa ń gbé fáànù kékeré sí àjà tí yóò máa fẹ́ afẹ́fẹ́ wọ inú ilé, ìyẹn ń ṣiṣẹ́ níbi tí radon kò bá pọ̀ jù.

Orí àpáta ni ilé bàbá mi wà ní Abẹ́òkúta. Ṣé kí n pè wọ́n?

Òkúta granite wà lóòótọ́ ní Abẹ́òkúta, ó wà ní Ìdànrè, radon á sì máa jáde lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé wa kò ní bésímẹ̀ǹtì, a kì í tan hítà, fèrèsé sì ń wà ní ṣíṣí láti àárọ̀ dalẹ́, afẹ́fẹ́ ń wọlé, ó ń jáde. Yàrá ìsàlẹ̀ tí wọ́n tì pa nítorí ẹ̀rọ amúlétutù ni kí ẹ máa ṣí fèrèsé rẹ̀ lóòrèkóòrè. Bí bàbá bá ń mu sìgá, ọ̀rọ̀ sìgá ni kí ẹ pè é sọ.