Ilà yàtọ̀ sí ìlà

Ìyá àgbà kan wà tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba. Pélé mẹ́ta ló dúró lóròó lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún, mẹ́ta lósì. Ilà nìyẹn. Ìwé tó fi ń ṣírò gbèsè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ìlà ló wà nínú ìyẹn. Abẹ ló kọ ti àkọ́kọ́, bírò ló fa ìkejì.

Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ kan náà ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi "kọ" dán an wò. Kọ àti ìwé di kọ̀wé: ohùn ìsàlẹ̀ bọ́ sórí "kọ", òun la fi ní akọ̀wé. Kọ àti ilà di kọlà: ohùn àárín dúró síbẹ̀, òun la fi ní ìkọlà, tí Bíbélì fi ní aláìkọlà. Ká ní ìlà là ń kọ sára ni, ìkọ̀là là bá máa pè é.

Ìyá kan ló bí wọn: là, bí ẹni la igi, bí ẹni la ọ̀nà. Oòrùn náà là, la fi ní ìlà oòrùn. Èmi gbà pé ilà ni àkọ́bí. Àlùfáà Samuel Johnson, tó gbé Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní 1921, ní Ṣàngó ló ní kí wọ́n fi abẹ ya ara ẹrú kan ní ọ̀nà 122 kí ìyà lè jẹ ẹ́. Egbò san, àpá náà sì dùn-ún wò lójú àwọn olorì, ni ọba bá ní kí wọ́n kọ ọ́ fún òun náà. Ọ̀nà méjì péré ló lè fara dà. Ẹni tó ní ogun ló bí ilà ti pẹ́ dé. Ogun bá a nílé ni.

Ìbàdàn ló sì yẹ kó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá pàgọ́ síbí ní nǹkan bí 1829, àbàjà, gọ̀ǹbọ́, pélé àti bààmú pàdé lẹ́nu ọ̀nà kan. Bó o bá wo ojú, o ti mọ ilé.

Ti ìlà kò gùn. Ilé ẹ̀kọ́ David àti Anna Hinderer, tọkọtaya míṣọ́nnárì, tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọmọdé lọ́wọ́ lẹ́yìn 1853. Àwọn aláàdìrẹ náà fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ fa òpó Gbọ̀ngàn Mápó sínú àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn. Ní 2003, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ní kí ẹnikẹ́ni má kọ ilà fọ́mọ mọ́. Olóòlà àdúgbò wa, tó máa ń fún omi ìgbín sójú abẹ kó má baà ta ọmọ, kò fi iṣẹ́ náà lé ọmọ rẹ̀ kankan lọ́wọ́.