Streamer Yín Ń Béèrè Windows, Mac Lẹ Ní

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, bàbá kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rédíò gbé streamer wọn, ẹ̀rọ tó ń kọ orin láti orí hard disk tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Àpótí dúdú pẹlẹbẹ ni, kò ju Bíbélì ńlá lọ. Òun ni wọ́n fi ń gbọ́ àwọn sákárà àti àpàlà tí wọ́n ti ń kó jọ sórí hard disk láti bí ogún ọdún. Iná iwájú rẹ̀ ń ṣẹ́jú ṣáá: pupa, funfun, pupa, funfun. Kò dá bọ́tìnnì kankan lóhùn. Ọmọ wọn ló fẹ́ bá wọn ṣe update firmware rẹ̀. Ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá ní orí Windows nìkan ni sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ṣe é ti ń ṣiṣẹ́, MacBook lọmọ náà sì ní. Ó fi Windows sínú Mac, ó ṣí sọ́fítíwíà náà, ó tẹ Start. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó dé 24%, ó dúró síbẹ̀. Wákàtí kan kọjá, kò kúrò lójú kan. Ló bá fa wáyà yọ.

N kò bá ọmọ náà wí. Ohun tó kọsẹ̀ lára rẹ̀ kò sí nínú ìwé ìlò tí wọ́n kó wá fún mi, bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe òun lẹni àkọ́kọ́ tí yóò kọsẹ̀ níbẹ̀. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Firmware ni ìlànà iṣẹ́ tí wọ́n kọ sínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, sórí ìrántí kékeré kan tí kì í gbàgbé nǹkan bí iná bá tilẹ̀ lọ. Òun ló kọ́ streamer bí wọ́n ṣe ń ka fáìlì orin FLAC, bí wọ́n ṣe ń bá ráútà sọ̀rọ̀, bí bọ́tìnnì tí ẹ fi ń yí ohùn sókè ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ń ṣe update, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ á kọ́kọ́ pa èyí tó wà níbẹ̀ rẹ́, wọ́n á wá kọ tuntun sójú rẹ̀. Láàárín ìgbà tó parẹ́ sí ìgbà tó kọ tán, ohun tó kù lórí ẹ̀rọ kò ju ìlànà bíńtín tó kàn mọ bí wọ́n ṣe ń gba firmware lọ. Ibẹ̀ gan-an ni streamer bàbá wà nígbà tí ọmọ fa wáyà yọ. Nítorí náà, bí tiyín bá ń kọrin dáadáa, tí update náà kò sì tún àléébù kan tó ń yọ yín lẹ́nu ṣe, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ ṣe é, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ nílò Windows rárá. Àwọn tó ń kọ ìwé ìlò máa ń kọ Windows nítorí pé òun ló wà lórí tábìlì wọn. Nígbà mìíràn, gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ kí Windows ṣe kò ju kó fi fáìlì kan sórí fíláàṣì lọ, Mac á sì ṣe ìyẹn fún yín. Ẹ ṣí Disk Utility, ẹ tẹ View, ẹ mú Show All Devices, kẹ́ ẹ wá mú fíláàṣì yín láti ìlà tó wà lókè pátápátá, kì í ṣe èyí tó wọlé sábẹ́ rẹ̀. Ẹ tẹ Erase. Níbi Format, ẹ mú MS-DOS FAT. Níbi Scheme, ẹ mú Master Boot Record, nítorí àwọn streamer kan wà tí wọn ò mọ GUID, ìlànà ìpín disk tí Mac fẹ́ràn.

Ẹ wá da fáìlì firmware sórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tíì yọ fíláàṣì náà o. Mac ní àṣà kan: ó máa ń fi fáìlì kéékèèké tí ojú kò rí sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì yín, irú orúkọ tí wọ́n sì ń jẹ́ ni ._firmware.bin. Streamer tó ń wá fáìlì tó parí sí .bin lè kọ́kọ́ kan èyí, kó sì sọ fún yín pé firmware ti bàjẹ́, nígbà tí firmware wà níbẹ̀ láìní àbùkù kankan. Ẹ ṣí Terminal, áàpù tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún Mac, ẹ kọ dot_clean -m /Volumes/FILASI, kẹ́ ẹ fi orúkọ fíláàṣì tiyín dípò FILASI. Wọn á pòórá. Safari náà máa ń tú fáìlì zip fúnra rẹ̀; bí ìwé bá ní kẹ́ ẹ fi zip sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ wọ Settings rẹ̀ kẹ́ ẹ dá a dúró. Ní ti streamer tí wọ́n kọ́ sórí kọ̀ǹpútà kékeré tó ń jẹ́ Raspberry Pi, irú èyí tó ń lo sọ́fítíwíà orin Volumio tàbí moOde, bí ẹnikẹ́ni bá ní Win32 Disk Imager, áàpù Windows tó ń kọ sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀ sórí káàdì, lẹ máa lò, ẹ má dá ara yín láàmú. Raspberry Pi Imager wà fún Mac, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni kí ilé-iṣẹ́ fún yín ní .exe, ìyẹn fáìlì áàpù Windows, kan ṣoṣo, kí wọ́n ní ẹ so wáyà USB mọ́ ọn, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ lo Wine tàbí CrossOver. Wine kì í ṣe Windows. Ògbufọ̀ ni: áàpù Windows á sọ̀rọ̀, Wine á túmọ̀ rẹ̀ fún Mac. Fún sọ́fítíwíà tó ń gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá, ó lè rí i ṣe. Ṣùgbọ́n èyí tó ń gba wáyà USB sábà máa ń nílò driver, ìyẹn ìlànà tó ń jókòó sínú ọkàn Windows gan-an láti bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Wine kò ní ọkàn yẹn. Fèrèsé sọ́fítíwíà á ṣí, á dára lójú, á sì máa sọ fún yín títí ilẹ̀ á fi ṣú pé òun ò rí streamer kankan.

Ẹ wo irú Mac tí ẹ ní. Ẹ tẹ àmì Apple ní igun òkè, ẹ mú About This Mac, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ síwájú Chip tàbí Processor. Bó bá jẹ́ Intel ni, ọ̀nà yín rọrùn: Boot Camp, tí Apple gbé jáde ní 2006, á jẹ́ kí Mac náà gbéra nílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi Windows pátápátá, kò ní sí alágàtà láàárín Windows àti ihò USB. Bó bá jẹ́ M1 tàbí àwọn àbúrò rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ láti November 2020, kò sí Boot Camp lórí rẹ̀. Ohun tó kù ni kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà: Parallels Desktop, VMware Fusion tó ti di ọ̀fẹ́ láti 2024, tàbí UTM.

Windows tó ń wọ inú àwọn Mac tuntun wọ̀nyí ni èyí tí wọ́n ṣe fún ARM, irú chip tí M1 àti àwọn àbúrò rẹ̀ jẹ́. Ó lè túmọ̀ áàpù tí wọ́n kọ fún Intel, ìdí nìyẹn tí .exe yín fi máa ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kì í túmọ̀ driver. Driver gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ARM gan-an, bí ilé-iṣẹ́ kò bá sì ṣe é, kò sí ọgbọ́n tí ẹ lè dá. Mo ti rí àwọn tó fi odidi ọjọ́ mẹ́ta pààrọ̀ wáyà nítorí èyí. Ẹ ṣí Device Manager nínú Windows ọ̀hún: bí àmì ìyanu inú onígun mẹ́ta aláwọ̀ ìyeyè bá wà níwájú orúkọ streamer, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ má tẹ Start. Bí kò bá sí àmì yẹn, ó jọ pé driver tó wà nínú Windows fúnra rẹ̀ ló ń lò, ẹ lè tẹ̀ síwájú.

Wàyí o, ohun tó mú ọmọ bàbá nìyí. Bí ẹ bá tẹ Start, ọ̀pọ̀ streamer kì í dúró lójú kan gba firmware. Á kọ́kọ́ yọ ara rẹ̀ kúrò lórí USB, á tún bẹ̀rẹ̀, á sì padà wọlé pẹ̀lú nọ́ńbà ìdánimọ̀ mìíràn, nínú ipò tí wọ́n ń pè ní DFU. Ó dà bí ẹni tó wọ ìgbàlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ilé, tó wá gbé ẹ̀kú jáde. Ẹni kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kò dá a mọ̀ mọ́. Lójú Mac, àlejò tuntun ló dé. Yálà kó gbà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀, tàbí kó béèrè lọ́wọ́ yín pé ṣé Mac ni kóun fi fún àbí Windows. Ní gbogbo àsìkò yẹn, sọ́fítíwíà inú Windows ń wá ẹ̀rọ tí kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Mo bi ọmọ náà bóyá ó rí ìbéèrè kankan. Ó ní òun rí àpótí kékeré kan tó yọ, òun rò pé ìpolówó ni, òun pa á dé.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ wọ Settings ti Parallels, ẹ lọ sí Devices, kẹ́ ẹ sọ fún un pé ẹ̀rọ tuntun tó bá wọlé, Windows ni kó gbé e fún, kó má béèrè. Bó bá jẹ́ VMware tàbí UTM lẹ ń lò, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń ṣètò USB níbẹ̀. Ẹ jókòó tì í. Ẹ má lọ se ìrẹsì.

Sọ́fítíwíà tó ń gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní tirẹ̀ máa ń ké gbàjarè sí gbogbo ilé láti mọ ibi tí streamer wà. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Windows yín bá wà lórí Shared, igbe náà kò ní kọjá inú Mac. Ẹ yí i sí Bridged, ẹ sì lo wáyà Ethernet dípò Wi-Fi. Láti macOS Sequoia, Mac tún ń béèrè bóyá áàpù lè wo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé yín. Ẹ gbà fún un.

Ní ti iná, ẹ̀yin tó wà ní Nàìjíríà ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Bátìrì Mac lè gbà á, streamer kò ní bátìrì. Ẹ fi í sórí inverter tàbí UPS. Ẹ kọ caffeinate sínú Terminal kí Mac má baà sùn lọ, ẹ dá update ti Windows fúnra rẹ̀ dúró, kó má lọ tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín iṣẹ́. Ẹ so wáyà mọ́ ara Mac tààrà, ẹ má gba inú hub kọjá.

Bí ẹ bá bi mí léèrè èyí tí èmi fúnra mi máa ṣe, màá yá láptọ́ọ̀pù Windows lọ́wọ́ aládùúgbò fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo fẹ́ràn Mac, orí rẹ̀ ni mo ti ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí èèyàn fi owó gidi rà kò yẹ lóhun tí a ń gbé la alágàtà méjì kọjá nígbà tí ọ̀nà tààrà wà. Ẹ rí i dájú pé Intel tàbí AMD ló wà nínú láptọ́ọ̀pù náà. Àwọn tuntun tó ń lo Snapdragon, ARM làwọn náà, driver tó kọ̀ lórí Mac á kọ̀ lórí wọn. Ó sì dùn mí pé ilé-iṣẹ́ ń ta ohun èlò orin fún onímac àti onílínúkìsì, owó kan náà ni wọ́n ń gbà, síbẹ̀ Windows nìkan ni wọ́n ń kọ irinṣẹ́ rẹ̀ fún. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn. Mo ti rí èyí tó gbọ́, tó sì fi fáìlì orí fíláàṣì ránṣẹ́.

Ti bàbá, ìlànà bíńtín yẹn kò kú. Mo yọ wáyà iná, mo tẹ bọ́tìnnì ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, mo ki wáyà iná padà láìgbé ọwọ́ kúrò, mo kà dé mẹ́wàá. Iná pupa dúró, kò ṣẹ́jú mọ́. Mo so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù Intel àtijọ́ tí mo fi pamọ́ fún irú iṣẹ́ yìí. Ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́yìn náà, iná di funfun. Bàbá ní kí n fi sákárà kan sí i kí àwọn gbọ́ ọ kí àwọn tó sanwó. Mo kọ nọ́ńbà firmware tuntun náà àti ọjọ́ tí mo ṣe é sórí tépù funfun, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ àpótí náà, kí ẹni tó bá máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i lè mọ ibi tá a bá a dé.