Bí wọ́n ṣe ń fọ́ oògùn adìẹ tó ti wọnú omi

Oògùn tí wọ́n ń pò fún adìẹ kì í tán sára adìẹ o. Àwọn èèyàn wa tó ń sin adìẹ ní Kuje àti Gwagwalada mọ páódà yẹ́lò tí wọ́n máa ń rò sínú dìríńkà, oxytetracycline nìyẹn, adìẹ á mu ún, púpọ̀ nínú ẹ̀ á sì bá ìgbẹ́ jáde bó ṣe wọlé gan-an. Ọjọ́ tí wọ́n bá fọ ilé adìẹ, omi ìdọ̀tí yẹn á gba gọ́tà lọ sódò, òmíràn á rọra jò wọlẹ̀ títí á fi kan kànga. Ó lè kéré débi pé ẹni tó mu omi náà ò ní mọ nǹkan kan lára, ṣùgbọ́n ó tó fún bakitéríà láti fi mọ oògùn náà dunjú, tó bá wá di ọjọ́ tí ọmọ ń ṣàìsàn, oògùn ò ní ràn án mọ́. Ohun tó ń bani lẹ́rù nìyẹn.

Álọ́ọ̀mù ò fi bẹ́ẹ̀ rí i mú, torí ẹrẹ̀ ló mọ̀ ọ́n fà wálẹ̀, oògùn sì ti yọ́ mọ́ omi. Sísè ń pa kòkòrò lóòótọ́, àmọ́ oògùn bíi enrofloxacin, òmíràn tí wọ́n ń fún adìẹ, ò ka iná sí.

Ohun tó ń fọ́ ọ ni wọ́n ń pè ní hydroxyl radical, èérún kékeré kan tó jẹ́ ọ́síjìn àti háídírójìn. Ẹ ṣáà mọ bí irin ṣe ń dípẹtà, bí ọ́síjìn ṣe ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀? Irú jíjẹ yẹn náà ni, àmọ́ eléyìí yára kọjá ohun tí ojú lè rí. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan, ìyẹn èérún tíntìntín tó wà nínú gbogbo nǹkan, ló kù kó pé, ohunkóhun tó bá kàn ló máa já a gbà lọ́wọ́ ẹ̀, bí oògùn ṣe ń já sí wẹ́wẹ́ nìyẹn. Kì í pẹ́ láyé rárá, kò ṣeé rà sínú kẹ́ẹ̀gì, inú omi yẹn gan-an ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ ṣe é.

Ọ̀nà tó ti pẹ́ jù ni ti Henry Fenton, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ̀wé nípa ẹ̀ ní 1894. Nǹkan méjì ló ń bí hydroxyl radical náà: hydrogen peroxide, irú tí wọ́n fi ń fọ egbò, àti ferrous sulfate tó jẹ́ iyọ̀ irin. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ásíìdì mú pH omi, ìyẹn òǹkà bí omi ṣe kan tó (bó bá ṣe kéré tó ni omi ṣe kan tó), sún mọ́ 3, torí tí omi ò bá kan, irin yẹn á kàn di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Wọ́n á da iyọ̀ irin sí i, wọ́n á wá máa ta peroxide sí i díẹ̀díẹ̀, omi á máa yọ ìfófòó, àwọ̀ ẹ̀ á sì yí bíi ti tíì tí wọn ò da mílíìkì sí. Tó bá parí, láìmù, páódà funfun o, kì í ṣe èso, ni wọ́n á fi dá pH padà sí 7, irin á wálẹ̀ sísàlẹ̀, wọ́n á rọra da omi òkè kúrò.

Àwọn kan ń lo gáàsì òsónì, àwọn míì ń tan iná UV, ìtànṣán tí ojú kì í rí, sórí peroxide. Ilé iṣẹ́ píọ́ wọ́tà náà ń lo gílóòbù UV, àmọ́ kòkòrò ni tiwọn ń pa, ti oògùn gbọ́dọ̀ lágbára ju ìlọ́po mẹ́wàá ẹ̀ lọ. Oòrùn náà ń ṣe é tí wọ́n bá fi titanium dioxide sí i, páódà funfun tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀dà, oòrùn sì kún ọ̀dọ̀ wa lápá àríwá níbí, àfi pé díẹ̀ báyìí ni UV inú ìtànṣán oòrùn.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò ni ìdọ̀tí. Hydroxyl radical ò mọ oògùn yàtọ̀ sí oúnjẹ adìẹ tó dà sómi, gbogbo ẹ̀ ló ń jẹ, bicarbonate, èròjà kan tó yọ́ sínú omi bọhó, náà ń gbà lára ẹ̀. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ sẹ́ omi náà kó tòrò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Tí wọ́n bá sì dáwọ́ dúró lágbede méjì, èérún oògùn ṣì lè máa jà. Kí wọ́n lè mọ̀, wọ́n á ta omi náà sórí àwo tí bakitéríà ń hù lé, tí bakitéríà bá hù dé ìdí ẹ̀ láìsá, oògùn ti kú. Àmọ́ wọ́n á kọ́kọ́ yọ peroxide tó ṣẹ́kù, torí òun náà ń pa bakitéríà, àwo yẹn á sì máa sọ pé oògùn ṣì wà níbi tí kò ti sí mọ́.