Ṣé Ẹ̀sìn Ni Kéèyàn Ní Kò Sí Ọlọ́run? Ẹ Wo Ìlà Àkọ́kọ́ Àfídáfítì Yín Ná

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, àwọn òbí tó ń fa ọmọ wọ ọ́fíìsì mi ní Ìṣàbò, l'Abẹ́òkúta, ti fẹ́ pọ̀ ju àwọn tó ń jà sí ilẹ̀ lọ. Ọmọ lọ sí yunifásítì, ó dé, ó ní òun ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, tàbí òun ò kírun mọ́, òun ò gbà pé Ọlọ́run wà. Bàbá á ní, "Lọ́yà, ẹ bá wa bi í, ẹ̀sìn wo wá nìyẹn?" Ọmọ á ní kì í ṣe ẹ̀sìn. Ìyá á ní ẹ̀sìn Sàtánì ni. Gbogbo wọn á wá kọjú sí mi, wọ́n á máa retí ìdájọ́.

Kí lẹ fẹ́ fi ìdáhùn náà ṣe? Tó bá jẹ́ kí ẹ lè borí ara yín nínú àríyànjiyàn ilé ni, iṣẹ́ mi kọ́ nìyẹn. Lójú tèmi, ẹni tí kò sí nínú ẹ̀súsú kankan, a kì í sọ pé ẹ̀súsú àìdáwó ló ń dá. Ẹ má sì da àwọn ọmọ wọ̀nyí pọ̀ mọ́ oníṣẹ̀ṣe o. Oníṣẹ̀ṣe mọ Olódùmarè, ó mọ òrìṣà tó ń bọ. Ẹ má sì máa rò pé orí fóònù ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, Tai Solarin kò fi pamọ́ pé òun ò gbà pé Ọlọ́run wà. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nẹ́ ní 1956, wọ́n sì ti fi orúkọ rẹ̀ pe yunifásítì.

Tó bá wá jẹ́ ti òfin lẹ ń bèèrè, ó yá. Apá 38 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè wa ti 1999 dárúkọ nǹkan mẹ́ta: òmìnira èrò, òmìnira ẹ̀rí-ọkàn, àti òmìnira ẹ̀sìn. Ọmọ tí kò bá rí ààyè lábẹ́ ẹ̀sìn, ààyè ti wà fún un lábẹ́ èrò àti ẹ̀rí-ọkàn. Apá yẹn kan náà ló sọ pé èèyàn lè yí ẹ̀sìn tàbí ìgbàgbọ́ rẹ̀ padà. Ní 2001, nínú ẹjọ́ Dókítà Okonkwo, tí aláìsàn rẹ̀ jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà tó kọ̀ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí òun lára, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ là á mọ́lẹ̀ pé a ò gbọdọ̀ fi ipá mú èèyàn ṣe ohun tó lòdì sí ìgbàgbọ́ rẹ̀ láìsí ìdí tó bófin mu. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí Roy Torcaso kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé Ọlọ́run wà kó tó lè di notary public, òṣìṣẹ́ tó ń fọwọ́ sí ìwé òfin, ní Maryland. Ó kọ̀, kóòtù tó ga jù níbẹ̀ sì dá a láre ní 1961. Ní 2005, ẹlẹ́wọ̀n kan ní Wisconsin fẹ́ dá ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò gba Ọlọ́run gbọ́. Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ní kí àwọn aláṣẹ ọgbà kà á sí ẹ̀sìn ní ti ẹ̀tọ́. Wọn ò sọ pé ó ní ohun tó ń sìn o. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹ ò lè ṣí yàrá fún ẹlẹ́sìn kí ẹ tì í mọ́ ẹni tí kò lẹ́sìn.

Kì í ṣe ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n ibi tí òfin ti ń ṣọ́ ẹ̀sìn náà ló ti ń ṣọ́ ọ. Ó tán.

Èyí tó ń bí mi nínú gan-an ni àfídáfítì, ìwé tí èèyàn ń bura sí pé òótọ́ lòun sọ. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé lẹ́nu ọ̀nà kóòtù, ẹ ní ìwé ilẹ̀ yín sọ nù. Kí ẹ tó jókòó tán, ó ti tẹ ìlà àkọ́kọ́: "Èmi Lágbájá, ọkùnrin, Kristẹni, ọmọ Nàìjíríà." Kò bi yín léèrè. Orúkọ yín ló wò. Tó bá jẹ́ Múrítàlá, Mùsùlùmí nìyẹn. Tó bá jẹ́ Samuel, Kristẹni nìyẹn. Mo ti rí àfídáfítì tí wọ́n fi sọ babaláwo di Kristẹni torí pé wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní kékeré.

Ta ló ní kí wọ́n kọ ẹ̀sìn síbẹ̀? Òfin Ẹ̀rí ti 2011, apá 117, sọ ohun tí ẹni tó ń bura gbọ́dọ̀ kọ nípa ara rẹ̀: orúkọ rẹ̀ ní kíkún, iṣẹ́ rẹ̀, ibi tó ń gbé, àti orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ẹ̀sìn ò sí níbẹ̀. Àṣà ni, a jogún ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá wa. Tí ẹ bá sọ fún òǹtẹ̀wé pé kó yọ ọ́, á rẹ́rìn-ín, á ní adájọ́ ò ní gbà á. Ó mọ òfin ju adájọ́ lọ!

Bákan náà ni nínú àpótí ẹlẹ́rìí. Akọ̀wé kóòtù á gbé Bíbélì àti Kùránì síwájú, nígbà mìíràn irin náà á wà ńlẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ fi ìkankan bura, òfin ìbúra wa fún un láyè kó kéde lásán pé tọkàntọkàn lòun fi ń sọ ọ́, pé òtítọ́ lòun máa sọ. Òfin Ẹ̀rí gan-an dárúkọ ẹni tí kò ní ìgbàgbọ́ ẹ̀sìn, ó sì ní kóòtù lè gbọ́ ẹ̀rí rẹ̀ láìbura. Ẹ má rò pé ẹni tó kéde báyìí rí ọ̀nà purọ́ o. Òfin Ìwà Ọ̀daràn ní bó ti wù kí wọ́n mú ẹlẹ́rìí jẹ́jẹ̀ẹ́, tó bá ti gbà á, tó wá purọ́, ẹ̀wọ̀n ọdún 14 wà ńlẹ̀ dè é.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ̀kan fún yín. Ẹjọ́ ilẹ̀ kan ní Ọbáńtokò. Èmi ni mo dúró fún àwọn tí wọ́n pè lẹ́jọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó pè wọ́n ti bura sínú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ pé Kristẹni lòun. Ọmọ iṣẹ́ mi lọ wo Facebook rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí Ọlọ́run, pé ọgbọ́n àwọn pásítọ̀ ni. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo fi sátífíkéètì tí òfin ń bèèrè fún ohun tí a tẹ̀ jáde láti orí ẹ̀rọ sí i lẹ́yìn (ẹ̀yin lọ́yà kéékèèké tí ẹ ń gbé fóònù na adájọ́ lójú, ẹ kọ́ iṣẹ́).

"Ṣé ìwọ lo kọ èyí?"

"Èmi ni sà."

"Ìwọ náà lo bura sí tibí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Èwo ni irọ́ nínú méjèèjì?"

Ó wo lọ́yà rẹ̀. Lọ́yà rẹ̀ ń ṣí fáìlì. Adájọ́ ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ìdájọ́ jáde, adájọ́ ní níbikíbi tí kò bá ti sí ìwé, tó jẹ́ ẹnu ọkùnrin náà nìkan la ní, òun ò lè gbára lé e. Ọ̀rọ̀ pílà ààlà, ẹnu rẹ̀ nìkan la ní. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe pàdánù ẹjọ́ náà. Tí ẹ bá bi mí, mo rò pé òótọ́ ló ń sọ nípa pílà yẹn. Kì í ṣe pé kò gba Ọlọ́run gbọ́ ló jẹ́ kó jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí òǹtẹ̀wé bá a fi síbẹ̀, tí òfin ò bi í, ni.

Ẹ̀yin òbí tí wọ́n sọ fún pé kí ẹ gbé ọmọ lọ fún wòlíì kó so ó mọ́lẹ̀ títí ẹ̀mí náà á fi jáde: ẹni tó bá ti èèyàn mọ́lé láìbófin mu, ẹ̀wọ̀n ọdún 2 ni. Ti wòlíì tó so ó, ti ẹ̀yin tí ẹ gbé e lọ. Àwọn tó ń mẹ́nu ba Àrò, ilé ìwòsàn ọpọlọ, náà, iṣẹ́ dókítà ibẹ̀ kọ́ ni àìlọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwọ ọmọ náà, má rẹ́rìn-ín. Àìgbàgbọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin, àmọ́ kéèyàn mọ̀ọ́mọ̀ bú ẹ̀sìn ẹlòmíì ní gbangba, òun náà ọdún 2 ni ní ìpínlẹ̀ wa níbí. Ní Kano, ọdún 24 ni wọ́n fún Mubarak Bala ní 2022 lórí ohun tó kọ sí Facebook, kí kóòtù kòtẹ́milọ́rùn tó dín in kù sí ọdún 5 ní 2024.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àfídáfítì lọ́sẹ̀ yìí, kó mú un wá kí n wò ó kó tó bọwọ́ lù ú. Mi ò gba owó ìyẹn. Àwọn tó bá bọwọ́ lù ú tán kí wọ́n tó wá ló máa san owó.