Idà Japan àtijọ́: irin kan, aṣọ púpọ̀

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí idà Japan àtijọ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé á rò pé odidi kan ni: ẹnu tó mú, èèkù, àkọ̀, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nǹkan tó ju mẹ́wàá lọ ni wọ́n tò jọ síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè ní oníṣọ̀nà tirẹ̀ àti ìgbà tirẹ̀. Irin náà lè ti pé ọdún 500, kí ohun ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀ má tíì pé 200. Koshirae ni àwọn ará Japan ń pe gbogbo ohun tí wọ́n wọ̀ fún irin náà. Bó bá gbó, tàbí tí idà bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á wọ òmíràn fún un.

Èèkàn kékeré kan tí wọ́n fi ọparun gbẹ́ ló mú kí èyí ṣeé ṣe. Mekugi ni orúkọ rẹ̀. Irin idà kì í tán sí ẹnu èèkù. Ìdí rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní nakago, wọ inú igi èèkù lọ jìnnà. Wọ́n lu ihò sára nakago, wọ́n lu òmíràn sára èèkù ní déédéé ibẹ̀, wọ́n wá ti mekugi gba inú méjèèjì kọjá. Kò sí àtè láàárín irin àti èèkù, kò sì sí ìṣó. Bí wọ́n bá ti èèkàn yẹn jáde, gbogbo ẹ̀yà idà náà á tú síra wọn. Ọparun ni wọ́n yàn nítorí fọ́nrán rẹ̀ gùn, ó sì lágídí: ó lè sán, kó máa dì í mú síbẹ̀.

Láti wọ irin náà láṣọ, habaki ló ń kọ́kọ́ wọlé. Bàbà ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, wọ́n sì lè fi wúrà tàbí fàdákà bò ó. Ó dì mọ́ irin níbi tí ẹnu idà ti bẹ̀rẹ̀. Seppa tẹ̀ lé e, bàbà pẹlẹbẹ kan báyìí, lẹ́yìn náà tsuba tó ń dáàbò bo ọwọ́, seppa mìíràn, kí èèkù tó wọlé. Bí nǹkan bá ń mì, seppa tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń fi dí àlàfo.

Habaki yìí yẹ ká dúró wò dáadáa. Àwọn àgbà ní idà ń wólé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Habaki ni kò jẹ́ kí idà wólé ara rẹ̀. Òun ló fún mọ́ ẹnu àkọ̀, òun ló gbé irin dúró, tí ẹnu idà kò fi ha igi. Nítorí pé ó fún bẹ́ẹ̀, idà kì í yọ jábọ́ bí wọ́n bá dorí rẹ̀ kodò. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó fẹ́ fa idà yọ fi máa ń kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò òsì ti tsuba síwájú díẹ̀, kí habaki lè tú ẹnu àkọ̀ sílẹ̀. Àkọ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ ìlàjì igi méjì tí wọ́n fi àtè ìrẹsì sísè lẹ̀ pọ̀. Àtè náà kò lágbára jù, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀: bí ìpẹtà bá bẹ̀rẹ̀ nínú àkọ̀, wọ́n lè là á, kí wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́.

Ara tsuba ni ojú ti ń rí iṣẹ́ ọnà jù. Irin lásán ni púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n àdàlù tí wọ́n ń pè ní shakudō ló yani lẹ́nu jù lọ. Bàbà ni, pẹ̀lú wúrà díẹ̀, bí ìdá 3 sí 5 nínú 100. Bó ṣe ń jáde láti ọwọ́ alágbẹ̀dẹ, àwọ̀ bàbà ló ní. Wọ́n á dán an, wọ́n á fi daikon rírin, ìyẹn gbòǹgbò funfun kan tí wọ́n ń jẹ ní Japan, pa á lára, wọ́n á wá bọ̀ ọ́ sínú omi gbígbóná tí wọ́n fi rokushō sè, ìyẹn pẹtà aláwọ̀ ewé tó ń bo bàbà. Díẹ̀díẹ̀ ni ara rẹ̀ á ṣú, tí á dúdú bí aró tó jinná. Ẹnikẹ́ni kò kùn ún. Láti inú àdàlù náà fúnra rẹ̀ ni àwọ̀ náà ti ń hù. Shibuichi, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin, jẹ́ bàbà àti fàdákà, eérú ni àwọ̀ tirẹ̀ jọ. Lórí shakudō ni wọ́n sábà máa ń ṣe nanako, àmì róbótó róbótó bí ẹyin ẹja, tí wọ́n fi irin kékeré lù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ojú rẹ̀ fi kún. Ẹ fojú inú wo sùúrù tí ìyẹn gbà.

Ìdílé Gotō ló lókìkí jù nídìí iṣẹ́ yìí. Gotō Yūjō ṣiṣẹ́ fún Ashikaga Yoshimasa, olórí ogun (shogun) ní Japan, ní nǹkan bí ọdún 500 ó lé sẹ́yìn, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń bá a lọ títí dé ìran kẹtàdínlógún.

Lọ́dún 1876, ìjọba Japan fòfin de gbígbé idà káàkiri ìgboro, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣọ̀nà. Kano Natsuo, ọ̀kan nínú wọn, ti rọ́nà gbé e gbà ṣáájú ìgbà náà: òun ni ìjọba fi iṣẹ́ ọnà owó tuntun lé lọ́wọ́. Àwọn mìíràn yíjú sí àwo òdòdó àti àpótí fún àwọn òyìnbó. Ọ̀pọ̀ tsuba ni wọ́n bọ́ kúrò lára idà tí wọ́n sì tà sí òkè òkun, ìdí nìyí tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fi kún fún tsuba tí kò ní irin mọ́.

Bí wọ́n bá fi idà wá tà báyìí, nakago ni onímọ̀ máa ń kọ́kọ́ wò. Ibẹ̀ ni alágbẹ̀dẹ máa ń fín orúkọ rẹ̀ sí bó bá fẹ́. Àwọ̀ ìpẹtà ibẹ̀ ń sọ ọjọ́ orí irin, nítorí náà a kì í fọ̀ ọ́, a kì í ha á. Ẹni tó bá ha á kí ó lè dán ti pa ẹ̀rí run, kò sì sí ẹni tó lè dá a padà. Ihò mekugi tó bá ju ọ̀kan lọ ń sọ pé wọ́n ti pààrọ̀ èèkù tàbí gé irin kúrú. Bàbà kékeré tí wọ́n bá tẹ̀ mọ́ ihò àárín tsuba náà ń sọ̀rọ̀: wọ́n fi bá irin mìíràn mu ni.

Irin kì í gbé inú aṣọ ọlọ́ṣọ̀ọ́ lójoojúmọ́. Shirasaya ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, èèkù àti àkọ̀ igi funfun tí kò ní ọ̀ṣọ́ kankan. Kí koshirae má baà tú ká, wọ́n ń gbẹ́ igi ní ìrí idà gan-an, tí wọ́n ń pè ní tsunagi, wọ́n á sì fi mekugi kàn án mọ́ ibẹ̀. Nítorí náà, bí méjì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí pẹpẹ, ọ̀kan ń dán fún wúrà, èkejì jẹ́ igi lásán, inú igi lásán yẹn ni idà wà.