Ẹ̀bẹ̀ Kì Í Dá Oṣù Mẹ́ta Dúró

Bí iṣẹ́ abẹ tàbí abẹ́rẹ́ bá ṣe ènìyàn wa kan léṣe ní ọsibítù ní Abuja níbí, ẹ̀bẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ délé. Ọ̀gá ọsibítù á wá fúnra rẹ̀, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú á dá sí i, pásítọ̀ tàbí àlùfáà á ní ká fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Kò sí ohun tó burú nínú ẹ̀bẹ̀. Ohun tó ń dùn mí gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò ni pé ìgbà tí ẹ̀bẹ̀ bá tán, tí owó tí wọ́n ṣèlérí ò dé, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń wá lọ́yà. Nígbà náà, ọjọ́ tí òfin fún wọn ti lè kọjá.

Bó bá jẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba ni, òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní Public Officers Protection Act. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ pe òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́jọ́ lórí ohun tó ṣe, tàbí ohun tó yẹ kó ṣe tí kò ṣe, lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, oṣù mẹ́ta péré ló ní. National Hospital, ọsibítù Yunifásítì Abuja ní Gwagwalada, àwọn ọsibítù ìjọba ní Kubwa, Nyanya, Wuse, Maitama àti Asokoro, gbogbo wọn ló lè fi òfin yìí gbèjà ara wọn. Àwọn ìpínlẹ̀ Àríwá náà ní irú rẹ̀. Òfin tó dá àwọn ọsibítù ìjọba kan sílẹ̀ tún ní kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé ta wọ́n lólobó, kí ẹ dúró fún àkókò kan, kí ẹ tó lè pe ẹjọ́. Ẹ rí i pé oṣù mẹ́ta yẹn ò tún pé mẹ́ta mọ́.

Bó bá jẹ́ ọsibítù aládàáni ni, Limitation Act ti Abuja fún ẹni tó fara pa ní ọdún mẹ́ta láti pe ẹjọ́.

Ẹ̀bẹ̀ àti ìdúnàádúrà kì í dá ọjọ́ wọ̀nyí dúró. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ bẹ́ẹ̀ ní 1994 nínú ẹjọ́ Eboigbe àti NNPC. Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé, "Lọ́yà, ara ṣì ń ro mí, ṣé ìyẹn ò fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ṣì ń lọ lọ́wọ́?" Rárá o. Òfin dá ìpalára tó ṣì ń ṣẹlẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ìrora tó ṣẹ́kù lára lẹ́yìn ìpalára ọjọ́ kan kì í ṣe ohun kan náà. Ẹ máa gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ẹ máa jókòó pẹ̀lú àwọn àgbà, ṣùgbọ́n kí lọ́yà yín ti máa múra ẹjọ́ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn, kó sì pè é kí ọjọ́ tó kọjá. A lè fà á kúrò nílé ẹjọ́ bí ẹ bá parí rẹ̀ nílé.

Ẹ má bínú bí mo bá sọ pé kì í ṣe gbogbo ohun tó bàjẹ́ ni ẹ̀bi dókítà. Egbò iṣẹ́ abẹ lè kẹ̀ kí gbogbo ènìyàn sì ti ṣe iṣẹ́ wọn bó ṣe yẹ. Àmọ́ bí egbò bá ti ń rùn fún ọjọ́ mẹ́rin, tí ibà ń gbé aláìsàn, tí ọmọ rẹ̀ ń pe nọ́ọ̀sì, tí ẹnikẹ́ni ò sì ṣí báńdéèjì wò, ọ̀ràn míì nìyẹn. Ohun tí adájọ́ máa béèrè ni pé: ṣé dókítà tàbí nọ́ọ̀sì yìí jẹ aláìsàn ní ojúṣe? Ṣé ó kùnà sí bí dókítà tó mọṣẹ́ ì bá ṣe é? Ṣé ìkùnà yẹn gan-an ló fa ìpalára, àbí àìsàn tó gbé e wá? Ìbéèrè kẹta yìí ló ń pa ẹjọ́ jù.

Ìdí nìyẹn tí fáìlì fi ṣe pàtàkì. Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú, kó má ní èébú nínú: "Èmi, nọ́ńbà káàdì mi báyìí, ń béèrè ẹ̀dà gbogbo àkọsílẹ̀ ìtọ́jú mi láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí: èyí tí dókítà kọ, èyí tí nọ́ọ̀sì kọ, ìwé tíátà, ìwé oògùn, àti èsì àyẹ̀wò." Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n buwọ́ lu tiyín, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i. Nigeria Data Protection Act ti 2023 fún yín ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀dà àkọsílẹ̀ tó jẹ́ tiyín, ìbáà ṣe ọsibítù ìjọba tàbí ti aládàáni. Ti ìjọba tún wà lábẹ́ Freedom of Information Act ti 2011, tó fún wọn ní ọjọ́ méje láti dáhùn. Bí wọ́n bá kọ̀, ilé ẹjọ́ lè pàṣẹ kí wọ́n kó o wá.

Ẹ má sì fi risíìtì ṣeré. Ìwé oògùn lè sọ pé wọ́n ti fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ ní aago mẹ́wàá alẹ́, nọ́ọ̀sì sì ti buwọ́ lù ú. Àmọ́ risíìtì POS fáámásì, tí aago wà lórí rẹ̀, lè fi hàn pé aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ẹbí tó san owó abẹ́rẹ́ náà. Ìwé pélébé bẹ́ẹ̀ lè ju ẹ̀rí ẹnu ènìyàn mẹ́ta lọ. Lẹ́tà orí risíìtì POS máa ń parẹ́, ẹ yára ya fọ́tò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin àti dókítà bá ara yín sọ lórí WhatsApp náà, ẹ má pa á rẹ́, ẹ má sì ta fóònù yẹn.

Àwọn ènìyàn máa ń bẹ̀rù ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí kí wọ́n tó wọ tíátà. Pé ẹ gbà kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ kò túmọ̀ sí pé ẹ gbà kí wọ́n ṣe é láìbìkítà. Àti pé National Health Act ti 2014 ní kí wọ́n ṣàlàyé fún aláìsàn, bó bá ṣeé ṣe, ní èdè tó yé e, kí wọ́n sì wo bó ṣe kàwé tó. Níbi tí Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì ti pọ̀ lẹ́nu òṣìṣẹ́, ìyá àgbàlagbà tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá ọmọ rẹ̀ gbé ní Mararaba lè tẹ ìka sí ìwé tí kò yé e rárá. Ẹ sọ èyí fún lọ́yà yín. Ní 2002, nínú ẹjọ́ Okekearu àti Tanko, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ọmọ kan láre nítorí pé dókítà gé ìka rẹ̀ láìgba àṣẹ.

Ní ti ẹlẹ́rìí, ọ̀rọ̀ yín nìkan ò tó. Obìnrin kan ṣe iṣẹ́ abẹ ní ìlú Benin, abẹ́rẹ́ tó kán ṣẹ́kù sí i nínú ikùn. Ta ni ò ní sọ pé ó ti jàre? Síbẹ̀, ní 2006, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a lẹ́bi nínú ẹjọ́ Ojo àti Gharoro. Òun nìkan ló jẹ́rìí fún ara rẹ̀. Àwọn dókítà ọsibítù wá ṣàlàyé pé abẹ́rẹ́ lè kán lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ra, kò sì sí dókítà kankan lọ́dọ̀ obìnrin náà tó lè dá wọn lóhùn. Ó ṣì ń dùn mí bí mo bá ka ìdájọ́ náà. Nítorí náà, ẹ wá dókítà míì tó mọ iṣẹ́ náà, tí yóò ka fáìlì yín, tí yóò sì dúró níwájú adájọ́. Kò rọrùn, torí dókítà kì í fẹ́ jẹ́rìí tako dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìlú kan náà. Ẹ lè wá a láti Ìlọrin, Ìbàdàn tàbí Jos.

Ọ̀nà míì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹjọ́. Ẹ lè kọ ẹ̀sùn, pẹ̀lú ìwé ìbúra, sí Medical and Dental Council, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ àwọn dókítà. Ìgbìmọ̀ olùwádìí ló kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ, bí ọ̀rọ̀ bá wà níbẹ̀, wọ́n á gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí, tó lè kìlọ̀ fún dókítà, kó ní kó dáṣẹ́ dúró tó oṣù mẹ́fà, tàbí kó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé orúkọ àwọn dókítà. Wọn kì í san owó gbà-má-bínú fún yín, ẹ̀sùn níbẹ̀ kì í sì í dá oṣù mẹ́ta dúró. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n gbà lọ́nà ẹ̀bùrú tàbí ìwọ̀sí, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, ni kí ẹ lọ bá. Ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn tí Osinbajo, igbákejì Ààrẹ ìgbà náà, ṣí ní 31 Keje 2018 wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹni tí agbára rẹ̀ ò ká owó lọ́yà lè lọ bá Legal Aid Council. Bí ẹ bá fẹ́ gba lọ́yà tiyín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ta ni yóò san owó dókítà tó máa jẹ́rìí. Èyí tó bá sì ń dárúkọ mílíọ̀nù tó máa gbà fún yín kó tó ka fáìlì, ẹ wá ẹlòmíràn.