“Ẹ Jẹ́ Kó Pariwo, Iṣan Ló Ń Jí”: Ọ̀rọ̀ Tó Ń Ba Èjìká Aláìsàn Jẹ́

Bí rọpárọsẹ̀ bá ṣe bàbá kan ní Ṣàgámù tàbí Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n sì gbé e kúrò ní ọsíbítù wálé, kì í pẹ́ tí àwọn ará ilé fi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í na apá tó rọ. Ọmọ tó lágbára jù ni wọ́n ń pè. Á di bàbá mú ní ọrùn ọwọ́, á gbé apá náà kọjá orí, bàbá á figbe ta, ẹnì kan á sì sọ láti ẹ̀gbẹ́ pé: “Ẹ jẹ́ kó pariwo, iṣan ló ń jí.” Bí ẹlòmíràn bá ní ó tó, wọ́n á dá a lóhùn pé ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ìfẹ́ ló ń mú wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe òótọ́, ó sì ti sọ ọ̀pọ̀ èjìká di ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè fọwọ́ kàn mọ́.

Ọ̀nà tí ọpọlọ ń gbà rán apá níṣẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀nà tí ìrora ń gbà dé ọpọlọ. Rọpárọsẹ̀ lè ba ti àkọ́kọ́ jẹ́ kí èkejì sì wà bó ṣe wà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò lè gbé ìka kan ṣoṣo fi máa ń mọ̀ ọ́n lára bí abẹ́rẹ́ bá gún ìka náà. Igbe tí bàbá ké lónìí, bí ẹ bá ti fa apá rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì àìsàn, ó ṣeé ṣe kó ti ké e nígbà náà. Igbe kò sọ ohunkóhun nípa ìgbà tí apá máa dìde.

Ohun tó ń sọ ọ́ ni ohun tí aláìsàn fúnra rẹ̀ lè ṣe. Ṣé ó lè ya apá kúrò lára díẹ̀? Ṣé ìka lè nà, bó tilẹ̀ kéré? Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Netherlands, tó jáde ní 2010, wo ohun méjèèjì yìí láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Nínú àwọn tó lè ṣe méjèèjì, 98 nínú 100 ni wọ́n retí pé wọ́n á tún lè fi ọwọ́ náà ṣe nǹkan lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ní ti àwọn tí kò lè ṣe ìkankan, ó jẹ́ 25 nínú 100. Ẹnikẹ́ni kò wọn igbe.

Èjìká yàtọ̀ sí ìbàdí. Ní ìbàdí, orí egungun itan wọ inú ihò jíjìn. Ihò ti èjìká kò jìn rárá. Iṣan ló di orí egungun apá mú síbẹ̀. Bí iṣan bá ti rọ, ìwúwo apá á máa fà á wálẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ẹni tó wúwo tó kílò 70, apá rẹ̀ kan á tó nǹkan bíi kílò mẹ́ta àti ààbọ̀. Ẹ fi ìka wá ibi tí egungun ti yọ gọngọ lókè èjìká bàbá, kí ẹ wá rọra gbé ìka náà wálẹ̀ díẹ̀. Ní apá tó dá, ẹran tó kún ni ẹ ó bá. Ní apá tó rọ, ìka yín lè rì sínú àlàfo kan tó fẹ̀ tó ìka fúnra rẹ̀. Egungun ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ihò rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ wá gbé irú apá bẹ́ẹ̀ sókè lójijì. Nígbà tí ara le, egungun pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn èjìká máa ń yí tẹ̀ lé apá. Bí apá bá lọ sókè pátápátá, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìrìn náà jẹ́ tirẹ̀. Lára ẹni tí rọpárọsẹ̀ ṣe, kì í tẹ̀ lé e dáadáa. Ẹran àti okùn iṣan tó wà láàárín á há sáàárín egungun méjì, wọ́n á sì máa ya díẹ̀díẹ̀. Okùn tí àwọn ènìyàn ń so mọ́ òkè ilẹ̀kùn, tí aláìsàn ń fi ọwọ́ tó dá fa ọwọ́ tó rọ sókè, burú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Wọ́n dán an wò lára ènìyàn 28, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 1990. Nínú àwọn tó lo okùn, 62 nínú 100 ni èjìká bẹ̀rẹ̀ sí í dùn; nínú àwọn tí físíò, ìyẹn oníṣẹ́ ìlera tó ń fi ọwọ́ àti eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé, fọwọ́ rọra gbé apá fún, 8 nínú 100 ni. Ìwádìí kékeré ni, ṣùgbọ́n tiwa ni pé kí ẹ tú okùn yẹn lónìí.

Kì í ṣe pé kí ẹ fi apá sílẹ̀ o. Apá tí wọ́n fi sílẹ̀ á gan. Ẹ fi ọwọ́ kan gbé ìgúnpá rẹ̀ láti abẹ́, ẹ fi èkejì di ọrùn ọwọ́ mú. Ẹ yí apá náà kí àtàǹpàkò kọjú sókè, kí ẹ tó gbé e síwájú lọ́ra, kó má kọjá ibi tí èjìká wà, àyàfi tí físíò bá ti fi bí ẹ ó ṣe ṣe é hàn yín. Ìgbà márùn-ún sí mẹ́wàá tó, lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Bí ojú rẹ̀ bá ti yí padà, ẹ dúró.

Ọwọ́ tó ti di ìkúùkù, ẹ má ṣe fa ìka rẹ̀ láti òkè. Bí ẹ bá ṣe ń fà á ló ṣe máa ń dì sí i. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ọrùn ọwọ́ sínú, ẹ ó rí i pé ìka á dẹ̀ díẹ̀ fúnra wọn. Ẹ wá mú àtàǹpàkò jáde láti ìdí rẹ̀, kí ẹ tó na ìka yòókù. Ibẹ̀ ni ẹ ti lè fọ àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ gé èékánná.

Bí ẹ bá ń wọ bùbá fún un, apá tó rọ ni kó kọ́kọ́ wọlé, òun náà ni kó kẹ́yìn bọ́. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e dìde, ẹ má ṣe kó ọwọ́ sí i lábíyá: kó sún wá sí etí àga, kó fa ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn orúnkún, kó tẹ̀ síwájú títí imú rẹ̀ á fi dé òkè ìka ẹsẹ̀, ẹ̀yin á sì dúró ní ẹ̀gbẹ́ tó rọ, kí ẹ di ìdí ṣòkòtò rẹ̀ mú. Bó bá jókòó, kí apá wà lórí ìrọ̀rí, kó má ṣe máa rọ̀ dirodiro.

Èyí tó ká wa lára jù ni pé ara bàbá ni gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ sí, ìwọ̀nba ènìyàn ló sì ń bi í léèrè. Kí físíò tó fọwọ́ kan aláìsàn, ó yẹ kó kí i, kó sì sọ ohun tó fẹ́ ṣe: “Bàbá, mo fẹ́ gbé apá yín síwájú. Ó lè le díẹ̀, kò yẹ kó dùn yín. Ṣé kí n ṣe é?” Kó dúró gbọ́ ìdáhùn. Ọmọ kò lè dáhùn fún bàbá tó mọ ohun tó ń ṣe, bó tiẹ̀ jẹ́ ọmọ ló ń sanwó. Ìyá tó bá fẹ́ kí obìnrin tọ́jú òun, tàbí kí wọ́n fa aṣọ dí òun kí wọ́n tó tú ìró, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ ti sé mọ́ lẹ́nu ni ẹ̀rù ń bà wá fún jù. Bó bá jẹ́ apá ọ̀tún ló rọ, ó wọ́pọ̀ kí ọ̀rọ̀ sísọ náà bàjẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Irú wọn lè máa wí “bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni” nígbà tí bẹ́ẹ̀ kọ́ wà lọ́kàn wọn. Ẹ bá wọn ṣe àdéhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: bí ọwọ́ tó dá bá ti gbé sókè, gbogbo ènìyàn á dúró. Ẹ dán an wò lẹ́ẹ̀kan kí aláìsàn rí i pé òótọ́ lẹ ó dúró. Ẹ máa wo ojú tó ń di kókó, èémí tó dá dúró, ara tó ń sá sẹ́yìn. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù ọwọ́ yín, iṣan rẹ̀ á máa le ni, iṣẹ́ náà á sì pa dà sẹ́yìn.

Ìrora wà tí a ń fara mọ́. Ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ní orúnkún á ní ìfàfà nígbà tó bá ń tẹ̀ ẹ́, iṣan tó ṣiṣẹ́ á sì máa ro ẹni títí di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta. Ṣùgbọ́n ìgúnpá tó ṣẹ́, tí teguntegun ń fi òrí wọ́ tagbáratagbára láràárọ̀, egungun lè hù sínú ẹran rẹ̀, ìgúnpá á sì dì pa. Ẹ̀bẹ̀ wa sí àwọn teguntegun ni pé kí wọ́n jọ̀wọ́ fi ìgúnpá sílẹ̀ láìwọ́.

Ẹ tún bi aláìsàn ohun tí òun fẹ́ padà ṣe. Ọ̀kan lè fẹ́ ṣe àlùwàlá fúnra rẹ̀, òmíràn lè fẹ́ bá rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ rẹ̀ jáde lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Ìyẹn ló yẹ kí físíò fi ṣètò iṣẹ́: ẹni tó fẹ́ ṣe àlùwàlá, kó máa fi ọwọ́ tó rọ gbé kẹ́tù tí omi kò pọ̀ nínú rẹ̀, léraléra, kó máa fi kún un lójoojúmọ́.

Bí ọwọ́ tó rọ bá wú, tí awọ rẹ̀ ń dán, tó gbóná, tí èjìká kò jẹ́ kó sùn lóru, ẹ dá nínà dúró. Ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka físíò ní ọsíbítù ìjọba tó wà nítòsí yín, tàbí èyí tó jẹ́ ti yunifásítì ní Ṣàgámù tàbí ní Ìlíṣàn, kí ẹ sì sọ fún wọn bí ẹ ṣe ń gbé apá náà nílé, láì fi ohunkóhun pamọ́.